Rolex 1665, Omega Ploprof àbí Seiko 600: èwo ni kẹ́ ẹ rà nínú àwọn aago àtijọ́ àwọn òmùwẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá ń wá ojúlówó aago àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ òkun, orúkọ mẹ́ta lẹ ó máa gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn tó mọ aago: Rolex Sea-Dweller 1665, Omega Seamaster 600 tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ploprof, àti Seiko Professional 600 tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6159-7010. Àárín 1967 sí 1975 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ìṣòro kan náà ni wọ́n bá wọ̀yá ìjà, àmọ́ ọ̀nà tí kálukú gbà yanjú rẹ̀ yàtọ̀ gan-an, ìyàtọ̀ yẹn ló sì pinnu bí aago kọ̀ọ̀kan ṣe rí lójú, bó ṣe wúwo tó, ibi tó ti máa ń bà jẹ́ àti iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Ẹni tó bá fi orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan yan aago nínú wọn á sanwó gọbọi fún nǹkan tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìṣòro náà, ká tó dé orí owó.

Gáàsì tó ń ṣí díńgí aago

Ọ̀pọ̀ wa rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 tó dojú dé létíkun Escravos lóṣù karùn-ún 2013. Nǹkan bí 60 wákàtí ló fi wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí 30 mítà sísàlẹ̀, kí àwọn òmùwẹ̀ tí wọ́n rán wá kó òkú tó bá a níbẹ̀ láàyè. Wọn ò lè gbé e jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n fi í sínú yàrá onírin kan, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì ààbọ̀ kó tó fojú kan ìta. Ara rẹ̀ ti mu afẹ́fẹ́ yó lábẹ́ omi. Ká ní wọ́n yọ ọ́ síta lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn ì bá hó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò mínírà tí wọ́n ti mì dáadáa.

Àwọn òmùwẹ̀ tó yọ Okene, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé lẹ́nu iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá jìn, tó sì máa gba ọjọ́ púpọ̀, kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n máa jìyà àtijáde yẹn lójoojúmọ́. Wọ́n á jẹ́ kí agbára afẹ́fẹ́ inú yàrá bá ti ìsàlẹ̀ omi dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa sùn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí pátápátá ni wọ́n tó máa dín agbára náà kù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí kọ́ ni wọ́n sì ń mí níbẹ̀, torí nitrogen máa ń pa èèyàn bí ọtí níbi tó bá jìn. Helium àti ọ́síjìn ni wọ́n máa ń pò pọ̀ fún wọn.

Helium yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ fún aago. Ó kéré débi pé rọ́bà tó ń dá omi dúró kò lè dá a dúró. Díẹ̀díẹ̀ lá máa yọ́ wọnú aago, títí agbára inú aago á fi bá ti yàrá dọ́gba. Kò sí ìjọ̀ngbọ̀n kankan nígbà yẹn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ń dín agbára yàrá kù, gáàsì tó ti fara balẹ̀ wọlé ò ní lè yára jáde tó bó ṣe yẹ. Á wá máa ti díńgí látinú, díńgí á sì fò yọ.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tó gbé inú ilé abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní SEALAB fojú ara wọn rí i. SEALAB I, lọ́dún 1964, wà nítòsí Bermuda, nǹkan bí 58 mítà sísàlẹ̀. Bob Barth, tó wà lára àwọn tó gbé inú rẹ̀, wà lára àwọn tó dábàá pé kí wọ́n fi fáàfù kékeré kan sára aago kí gáàsì lè rí ọ̀nà gbà. Kí fáàfù tó dé, ohun táwọn òmùwẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á tú ibi ìwáìn aago wọn sílẹ̀ nínú yàrá kí gáàsì lè jáde. Ẹni tó bá gbàgbé láti dè é padà kó tó tún wọ omi, aago rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Torí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ ṣí ibi tí gáàsì á gbà jáde, tàbí kẹ́ ẹ dí aago náà débi tí gáàsì ò fi ní lè wọlé. Rolex mú ti àkọ́kọ́. Omega àti Seiko mú ti èkejì.

Rolex 1665

Oṣù kọkànlá 1967 ni Rolex forúkọ fáàfù tiẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ẹlòmíì má bàa gbé e ṣe. Nǹkan róbótó kékeré kan ni, lápá òsì aago, ní ọ̀ọ́kán nọ́ńbà 9. Sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Bí agbára inú aago bá ju ti ìta lọ dé ìwọ̀n kan, sípíríǹgì á gbà, gáàsì á jáde, fáàfù á sì ti ara rẹ̀ padà. Òmùwẹ̀ ò ní fọwọ́ kàn án rárá. 610 mítà ni wọ́n kọ sójú aago náà.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Rolex nìkan ló wà nídìí fáàfù yìí ń fẹ̀tọ́ du Doxa. Ilé iṣẹ́ Switzerland lòun náà, aago rẹ̀ tó ní fáàfù, ìyẹn SUB 300T Conquistador, sì jáde lọ́dún 1969.

Ibi tí òkìkí 1665 ti kàn ni COMEX, ilé iṣẹ́ tí Henri-Germain Delauze dá sílẹ̀ ní Marseille, nílẹ̀ Faransé, tó ń rán òmùwẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì lábẹ́ òkun. Láti àwọn ọdún 1970 ni Rolex ti ń pèsè aago fún wọn, tí wọ́n sì ń fín orúkọ COMEX àti nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ COMEX ló ṣiṣẹ́ ní 534 mítà nínú òkun gan-an lọ́dún 1988. Lọ́dún 1992, nínú yàrá ìdánwò wọn ní Marseille, wọ́n gbé agbára afẹ́fẹ́ dé ìwọ̀n 701 mítà fún Théo Mavrostomos. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn tí òǹtajà bá ń fi iye mítà yangàn fún yín: aago 600 mítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ibi tí ara èèyàn lè dé.

Ẹ wo ojú aago náà dáadáa. Ìlà méjì ni wọ́n fi pupa kọ sí i, SEA-DWELLER lókè, SUBMARINER 2000 nísàlẹ̀ rẹ̀ (ẹsẹ̀ bàtà ni 2000 yẹn, ìyẹn 610 mítà). Lójú àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn, orí ọ̀dà funfun ni wọ́n tẹ pupa yẹn sí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá di píǹkì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ROLEX PATENT OYSTER GAS ESCAPE VALVE sí yípo. Díńgí rẹ̀ jẹ́ pílásítíìkì tó nípọn, tó rí gọnbu, kò sì sí awò kékeré lórí déètì bíi ti àwọn Rolex yòókù. Títí di nǹkan bí 1977 ni wọ́n fi ṣe onílà pupa méjì yìí, kí wọ́n tó máa fi funfun kọ gbogbo rẹ̀. Great White làwọn tó ń kó aago jọ ń pe oní-funfun.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Oní-pupa àti oní-funfun, aago kan náà ni wọ́n ní ti ara àti ẹ̀rọ. Ojú wọn nìkan ló yàtọ̀, ojú yẹn ló sì gbé owó ọ̀kan fò kọjá èkejì. Òǹtajà aláìṣòótọ́ á wá ojú pupa, ì báà jẹ́ ojúlówó ì báà jẹ́ ayédèrú, á fi sára oní-funfun, á sì ta á bí ẹni pé bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá a dúnàádúrà. Ọ̀pọ̀ olójú pupa ló ní nọ́ńbà aago náà tí wọ́n fín sínú ẹ̀yìn, ó sì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà tó wà lára aago, láàárín ibi tí ṣéènì ti wọlé, mu. Ti COMEX tún burú jù, torí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìfín lè fín ọ̀rọ̀ sẹ́yìn aago. Tí kò bá sí ìwé tó tọpa aago náà dé ọ̀dọ̀ òmùwẹ̀ tó lò ó, ẹ má san owó COMEX.

Omega Ploprof

Omega ò fẹ́ fáàfù. Wọ́n gbẹ́ ara aago látinú irin kan ṣoṣo tí kì í dípẹtà, kò sì ní ẹ̀yìn tó ṣeé ṣí. Ojú ni wọ́n ń gbà kó ẹ̀rọ wọlé. Lẹ́yìn náà ni díńgí tó nípọn máa lé e, tí òrùka onísíkúrù á sì fún un mọ́lẹ̀ gírígírí. Ibi ìwáìn wà lápá òsì, wọ́n fi irin yí i ká kí nǹkan má bàa gbá a, ó sì ní òrùka tiẹ̀ tó ń dè é pa. Apá ọ̀tún ni bọ́tìnì pupa kan wà. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí òrùka tó wà létí ojú aago tó lè yí.

Òrùka yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni òmùwẹ̀ fi ń sàmì sí ìṣẹ́jú tó wọ omi. Bí nǹkan bá fara gbá a, tó yí láìròtẹ́lẹ̀, ó lè rò pé òun ṣì ní àkókò nígbà tí kò sí mọ́. Bọ́tìnì pupa ló dá ìyẹn dúró. Ẹ tún wo ọwọ́ aago náà: ọwọ́ ìṣẹ́jú tóbi fàkìàfakia, ó sì ní àwọ̀ ọsàn, ọwọ́ wákàtí sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú ni òmùwẹ̀ ń kà lábẹ́ omi, kì í ṣe wákàtí. Mi ò tíì rí aago tí iṣẹ́ tó wà fún hàn gbangba lójú rẹ̀ tó báyìí.

Lọ́dún 1970, COMEX gbé e lọ síbi iṣẹ́ ìdánwò tí wọ́n pè ní Janus ní òkun Ajaccio, lẹ́bàá erékùṣù Corsica, níbi tí àwọn òmùwẹ̀ wọn ti ṣiṣẹ́ ní ohun tó lé ní 250 mítà. Jacques Cousteau, gbajúmọ̀ òmùwẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, àtàwọn èèyàn rẹ̀ náà dán an wò nítòsí Marseille. Ọdún 1971 ló bọ́ sọ́jà. COMEX padà bá Rolex lọ, àwọn kan sì máa ń fìyẹn sọ pé Omega ló pàdánù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Aago tó dí helium mọ́ ìta láìní ihò kankan lára ṣe iṣẹ́ tó ṣòro ju ti èyí tó ń tú u sílẹ̀ lọ. Nígbà tí Omega tún Ploprof gbé jáde lọ́dún 2009, wọ́n fi fáàfù helium sí i, ó sì dùn mí, torí ohun tó mú kó yàtọ̀ gan-an ni wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ó fẹ̀ tó 55 mítà kékeré kékeré, ìyẹn mìlímítà, ó sì ga tó 45. Irin ni jálẹ̀jálẹ̀. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tínrín máa mọ̀ ọ́n lára tó bá fi di ọwọ́ wákàtí mélòó kan, kò sì ní gba abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹ fi di ọwọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, tàbí ó kéré tán, ẹ gé páálí ní ìwọ̀n yẹn kẹ́ ẹ gbé e lé ọwọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ba Ploprof jẹ́ jù ni pọ́líìṣì. Etí ara rẹ̀ mú nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Oníṣẹ́ aago tó bá fi ẹ̀rọ pọ́líìṣì yọ ìlà tó há sí i lára á sọ etí yẹn di róbótó, kò sì sí bó ṣe máa padà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀, calibre 1002, ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, àmọ́ irinṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n fi ń tú òrùka ojú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra aago náà ni kẹ́ ẹ ti mọ ẹni tó máa tún un ṣe.

Seiko 6159-7010

Lọ́dún 1968, òmùwẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú Kure, lágbègbè Hiroshima, kọ lẹ́tà sí Seiko. Ohun tó sọ ni pé aago wọn ò lè fara da iṣẹ́ tó ju 300 mítà lọ. Wọn ò kọ èsì ìtùnú ránṣẹ́ kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ikuo Tokunaga, ẹnjiníà wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀, ó sì gbà wọ́n tó ọdún méje. Nígbà tí aago náà jáde lọ́dún 1975, ohun tuntun tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lórí rẹ̀ tó 20.

Titanium ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, òun sì ni aago òmùwẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irin yẹn ṣe. Titanium fúyẹ́, omi iyọ̀ ò sì rí i gbé ṣe. Kò ní ẹ̀yìn tó ṣí, bíi ti Ploprof. Rọ́bà tó wà lábẹ́ díńgí rẹ̀ ni wọ́n gé ní ìrísí lẹ́tà L, ìyẹn ló dí helium pa. Wọ́n wá fi ìkòkò titanium mìíràn, tí wọ́n fi seramiki dúdú kùn, bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n sì fi síkúrù dè é. Ìkòkò yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní agolo ẹja tuna.

Bẹ́líìtì rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Aṣọ òmùwẹ̀ nípọn lókè omi, àmọ́ tí wọ́n bá ti wọ ìsàlẹ̀, omi á fún un pọ̀, á tínrín, aago á sì máa yọ̀ káàkiri ọwọ́. Seiko ṣe bẹ́líìtì tó ká wọ́pọ̀ wọ́pọ̀ nítòsí aago. Ẹ fà á le lókè omi, á nà. Bí aṣọ bá tínrín nísàlẹ̀, á súnkì tẹ̀lé e, aago ò sì ní kúrò lójú kan. Ẹni tó ronú dé orí bẹ́líìtì ti fetí sí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn dáadáa.

Ó fẹ̀ tó 51 mìlímítà, ìyẹn sì máa ń dẹ́rù ba èèyàn lórí ìwé. Lọ́wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní apá tó yọ síta níbi tí bẹ́líìtì ti wọlé, titanium sì fúyẹ́, torí náà ó jókòó dáadáa ju Ploprof lọ. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń lu ìgbà 36,000 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dára gan-an, àmọ́ ẹ̀yà rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, oníṣẹ́ aago tó bá bà á jẹ́ ò sì ní tètè rí òmíì fi rọ́pò.

Ayédèrú rẹ̀ ò pọ̀ tó ti Rolex. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni síkúrù tó ti gan mọ́ ìkòkò, seramiki tó ti ṣí, àti bẹ́líìtì. Ojúlówó bẹ́líìtì ìgbà yẹn ti gbó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti já. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ rọrùn láti kà: nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ọdún, èkejì jẹ́ oṣù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 58, oṣù kẹjọ 1975 ni wọ́n ṣe é. Bí òǹtajà bá pe ọdún tí kò bá nọ́ńbà yẹn mu, ẹ bi í léèrè.

Tá a bá kó wọn síwájú ara wọn

Fún wíwọ̀ lójoojúmọ́, lọ síbi iṣẹ́, lọ sóde ìnáwó, Rolex ló borí láìsí àríyànjiyàn. 40 mìlímítà péré ni, ó gba abẹ́ aṣọ, oníṣẹ́ aago tó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Òun ló tún wọ́n jù: ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là ni wọ́n ń ta oní-pupa, ti COMEX sì tún fi ibẹ̀ sílẹ̀ jìnnà. Tówó yín bá tó, àmọ́ tẹ́ ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú tó lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má rà á. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni wọ́n ń fi lu jìbìtì jù.

Ploprof wà fún ẹni tó fẹ́ aago tó dá yàtọ̀, tó sì lè gbé e. Owó rẹ̀ ò tó ti Rolex, ẹni tó bá sì rí i lọ́wọ́ yín á béèrè ohun tó jẹ́. Seiko wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn lè dé. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan, Seiko ni màá mú. Òun nìkan ló dáhùn gbogbo ohun tí òmùwẹ̀ ń fẹ́, látorí gáàsì dé orí ìwọ̀n àti bẹ́líìtì, láìlu ihò kankan.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tún kù. Rolex àti Omega ìgbà yẹn fi tritium sínú ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn. Ìdajì tritium máa ń ṣá lọ láàárín ọdún 12 ó lé díẹ̀, torí náà, lẹ́yìn 50 ọdún, nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Aago ọdún 1971 tó bá ń tàn yòò lóru, wọ́n ti tún un kùn tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ ojú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí òǹtajà bá sọ ọ́, owó rẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí 600 mítà tó wà lójú rẹ̀ mú yín wọ odò lọ. Rọ́bà inú rẹ̀ ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ dán an wò bóyá omi ń wọlé, kó tó kan omi rárá.

Ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aago yìí wà, torí náà tòkunbọ̀ lẹ máa rà, àwòrán lẹ sì máa kọ́kọ́ rí. Ẹ béèrè àwòrán ẹ̀rọ inú rẹ̀, ti ojú rẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ti etí rẹ̀ méjèèjì, àti ìwé sáfíìsì tó bá wà. Nínú ìwé sáfíìsì lẹ ó ti rí i bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀. Òǹtajà tó bá ń sá fún àwòrán inú aago, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí owó 6159 bá ju agbára yín lọ, Seiko gbé ọmọ ìyá rẹ̀ jáde lọ́dún 1978. 7549-7009 ni nọ́ńbà rẹ̀, 600 mítà náà ni, ìkòkò dúdú náà ló wọ̀, àmọ́ bátìrì ló ń lò. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ń sọ àkókò pé perepere jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ yọ bátìrì tó bá ti kú nínú rẹ̀ kíákíá, torí omi bátìrì tó bá jò ló ń pa ẹ̀rọ irú aago yìí jù.